Ṣé owó ló ń ta ẹ̀rọ géèmù ni, àbí bí wọ́n ṣe ṣe é?

ỌmọMọ́kọ́lá (Ìbàdàn):

Ẹ̀yin ará ilé, ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Èmi àti àbúrò mi kan ń fa ọ̀rọ̀ kan, mo ní kí n gbé e wá síbí kí ẹ bá wa dá sí i.

Lọ́dún 2006, Nintendo gbé Wii jáde ní $249. Ńṣe ni wọ́n ń sùn sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù dè é. Ó lé ní 101 mílíọ̀nù tí wọ́n tà. Ó di 2012, ilé iṣẹ́ kan náà gbé Wii U jáde. $299 ni èyí tówó rẹ̀ kéré jù, agbára rẹ̀ sì ju ti Wii lọ dáadáa, síbẹ̀ ó di kùtà. Mílíọ̀nù 13 àti ààbọ̀ ni gbogbo ohun tí wọ́n rí tà kí wọ́n tó dáwọ́ dúró.

Àbúrò mi ní owó ni, owó náà ni: ẹ̀rọ tó bá wọ́n kò lè tà, èyí tówó rẹ̀ bá pọ́ọ́kú ni ayé á rà. Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, GameCube, ti Nintendo náà, tó bẹ̀rẹ̀ ní $199 nígbà tí PS2 (PlayStation 2) ti Sony ṣì wà ní $299 ni ì bá gba ọjà mọ́ PS2 lọ́wọ́. Mílíọ̀nù 21 lòun tà. PS2 ju 150 mílíọ̀nù lọ. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì?

Pádì_Méjì (Òṣogbo):

Àbúrò rẹ ló jàre jàre. Ẹni tí ò lówó lọ́wọ́, ìrísí wo ló fẹ́ wò? 😂

Olùkọ́Ìṣirò (Abẹ́òkúta):

Ẹ má yára dájọ́ o. Ẹ jẹ́ n mú wa padà sí May 1995 ní Los Angeles, níbi E3 àkọ́kọ́, àpérò tí àwọn ilé iṣẹ́ géèmù ti ń fi ọjà tuntun hàn nígbà náà. Ilé iṣẹ́ Sega bọ́ sórí pèpéle, wọ́n ní Saturn, ẹ̀rọ géèmù wọn tuntun, ti wà lórí àtẹ lọ́jọ́ náà gan-an, $399. September ni gbogbo ayé ń retí rẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò pín fún bínú, KB Toys tiẹ̀ kọ̀ pé àwọn ò ní bá wọn ta á. Ó wá kan Sony. Steve Race, ọ̀gá PlayStation ní Amẹ́ríkà, rìn lọ sídìí maikirofóònù, ó ní “299”, ó sì padà lọ jókòó. Iye tí wọ́n máa ta PlayStation ló dá yẹn. Gbogbo gbọ̀ngàn ló pariwo.

Ibi tí gbogbo èèyàn máa ń parí ìtàn náà sí nìyẹn, wọ́n á ní Sony fi ẹ̀dínwó pa Sega. Èmi máa ń béèrè pé kí ló jẹ́ kí Sony lè pe $299 kí apá wọn sì ká a? Inú Saturn kún fọ́fọ́. Pírósẹ́sọ̀ (ọpọlọ ẹ̀rọ) Hitachi méjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, ṣíìpù àwòrán lọ́tọ̀, ti ohùn lọ́tọ̀, àwọn tó ń kọ géèmù fúnra wọn ń ráhùn pé ó le lò. Ti PlayStation ò díjú tó bẹ́ẹ̀, bí ọdún sì ti ń gorí ọdún ni wọ́n ń dín ohun tó wà nínú rẹ̀ kù tí owó rẹ̀ ń wálẹ̀. Sega náà ń dínwó, ṣùgbọ́n àpò ara wọn ni wọ́n ń tú. Saturn ò tà tó mílíọ̀nù 10. PlayStation kọjá 102 mílíọ̀nù.

Nítorí náà, ẹ má ya owó sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ọwọ́. Ọjọ́ tí ẹnjiníà bá yà á sórí pépà ni wọ́n ti mọ iye tí wọ́n lè tà á lọ́dún márùn-ún sígbà yẹn.

Pádì_Méjì:

Ọ̀gá Tíṣà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dáhùn ti Wii U o.

ÀdùkẹÌyáÌbejì (London):

Ẹ jẹ́ kí èmi dáhùn ti Wii U, torí iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ohun ìṣeré ọmọdé ni mò ń ṣe nígbà Kérésì 2012.

Ìyá kan gbé páálí rẹ̀ dání, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. Ó bi mí pé ṣé èyí ni wọ́n ń so mọ́ Wii tó wà nílé. Mo ní rárá mà, ẹ̀rọ tuntun gbáà ni. Ó tún wo àwòrán ara páálí náà. Ó ní, “Ṣùgbọ́n a ti ní Wii.” Ó dá a padà sórí àtẹ, ó mú rìmóòtù Wii kan tó jẹ́ aláwọ̀ pupa, ó sanwó, ó lọ. Òun nìkan kọ́ o, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn láàárọ̀ lálẹ́.

Ẹ ò lè bá wọn wí. Wii ni wọ́n kọ sára rẹ̀, lẹ́tà kan ló lé. Nínú ìpolówó, pádì ńlá tó ní ojú bíi ti tábílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń fi hàn ṣáá, ẹ̀rọ gan-an fara pamọ́ sẹ́yìn. Rìmóòtù Wii àtijọ́ sì ń bá a ṣiṣẹ́, ìyẹn tún wá da ọ̀rọ̀ náà rú pátápátá. Ẹ wá fi wé Wii fúnra rẹ̀: ìyá ọkọ mi tí ò mọ kọ̀ǹpútà tàn mú rìmóòtù, ó ju apá síwájú, bọ́ọ̀lù yí lọ lójú TV, igi ṣubú. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Géèmù yẹn sì wà nínú páálí, wọn ò gbowó rẹ̀ lọ́tọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí.

ỌmọMọ́kọ́lá:

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó yé mi wàyí.

Atúnṣe_Ojúẹlẹ́gba (Èkó):

Ẹ jẹ́ n sọ ti GameCube àti PS2, torí PS2 ni mo fi kọ́ṣẹ́.

Lákọ̀ọ́kọ́, PS2 ń ka DVD. Nígbà yẹn ẹ̀rọ DVD fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rà ṣeré. Baba tí ò ní fi kọ́bọ̀ ra géèmù fọ́mọ á gbà láti ra ohun tí òun náà lè fi wo fíìmù lálẹ́. (Ibi tí wàhálà ti wá ni pé VCD ni fíìmù Yorùbá wà lórí rẹ̀ nígbà náà, PS2 kì í sì í ka VCD. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé e wá bá mi pé ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o!) Ẹ wá wo GameCube: dísìkì kéékèèké tí ò gbà ju 1.5 GB lọ, kò ka DVD rárá, ó ní ọwọ́ ìgbámú lẹ́yìn bíi kúlà, àwọ̀ rẹ̀ bíi ti ohun ìṣeré. Ọmọ ọdún méjìdínlógún fẹ́ gbé e sí pálọ̀ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá rí i? Ká má fi ara wa ṣẹ̀sín.

Èkejì, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. PS2 ṣeé fi ṣíìpù sí. Ẹni tó bá ti fi ṣíìpù sí i, CD àdàkọ láti Aláàbà ló ń lò, owó CD ọ̀hún ò tó nǹkan. Kì í ṣe pé mo ń yin olè, mò ń sọ ohun tí mo fojú rí ni. Kò sẹ́ni tó ń da dísìkì GameCube kọ níbí. Torí náà, $199 yẹn, lójú tiwa, ó wọ́n ju $299 lọ.

Olùkọ́Ìṣirò:

Ẹ̀gbọ́n Atúnṣe, gbólóhùn yín tó kẹ́yìn yẹn ni kí ỌmọMọ́kọ́lá lọ kà fún àbúrò rẹ̀.

Ará_Houston:

Ẹ kú àsọyé. Èmi rò pé ohun kan wà tẹ́ ẹ ò tíì fọwọ́ kàn. Owó tó bá pọ̀ jù, wọ́n lè tún un ṣe. Ẹ̀rọ tí àwọn èèyàn ò bá mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, kò sí ẹ̀dínwó tó lè gbà á sílẹ̀.

Ẹ wo PS3. November 2006, $499 fún ti 20GB, $599 fún ti 60GB. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní ìrísí rẹ̀ dà bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan ẹran. Sony sì tún ń pàdánù lórí rẹ̀: iSuppli, ilé iṣẹ́ tó máa ń tú ẹ̀rọ palẹ̀ láti ṣírò ohun tó wà nínú rẹ̀, ní èyí tí wọ́n ń tà ní $499 yẹn, àtiṣe rẹ̀ ń ná wọn tó $805. Ojú dísìkì Blu-ray wà nínú rẹ̀, pírósẹ́sọ̀ Cell wà nínú rẹ̀, kódà ṣíìpù PS2 odindi wà nínú rẹ̀ kí géèmù àtijọ́ lè máa ṣiṣẹ́. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nǹkan kúrò. Ní 2007 wọ́n gbé ti 40GB jáde ní $399, kò lè gbé géèmù PS2 mọ́. September 2009, Slim, èyí tó tínrín, dé ní $299. Ìgbà yẹn ni ọjà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yá. Nígbà tó fi máa parí, ó ti ju 87 mílíọ̀nù lọ.

3DS, ẹ̀rọ àgbélọ́wọ́ Nintendo, náà ńkọ́? March 2011, $249, kò tà. August ọdún kan náà wọ́n já a sí $169. Satoru Iwata tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Nintendo gé owó oṣù ara rẹ̀ sí ìdajì. Àwọn tó ti fi owó ńlá rà á ṣáájú, wọ́n fún wọn ní géèmù 20 lọ́fẹ̀ẹ́ kí inú wọn lè rọ̀. Ó parí sí nǹkan bíi 76 mílíọ̀nù.

Wọ́n dín $50 kúrò lórí Wii U náà ní September 2013. Kò ta pútú.

Pádì_Méjì:

Ẹ̀gbọ́n Houston, 3DS náà jọ DS tó ṣáájú rẹ̀ lójú àti lórúkọ o. Kí ló dé tí ìyẹn ò kú bíi Wii U?

Ará_Houston:

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Lóòótọ́ ló da àwọn èèyàn láàmú níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ẹ̀dínwó, kí ọdún yẹn tó parí, Mario tuntun àti Mario Kart tuntun ti dé fún un. Géèmù ló jẹ́ káwọn èèyàn mọ̀ pé ẹ̀rọ mìíràn ni. Wii U pẹ́ kí tirẹ̀ tó dé, àwọn ṣọ́ọ̀bù ti ń yí ojú kúrò lára rẹ̀.

ÀdùkẹÌyáÌbejì:

Ẹ má gbàgbé 2DS, àbúrò 3DS! Ó jáde ní 2013, $129 lọ́dọ̀ yín ní Amẹ́ríkà. Ó rí pẹlẹbẹ bíi pátákó ìkọ̀wé ọmọ ilé ìwé. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa géèmù rẹ́rìn-ín sí i. Èmi ra méjì lẹ́ẹ̀kan fáwọn ìbejì, torí kò ní ibi tó ń pàdé, kò sí ohun tí ọmọdé máa ká títí á fi ṣẹ́. Wọ́n jù ú sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo gbé e, ó tàn. Ohun tí wọ́n yọ kúrò kí owó lè wálẹ̀ náà ló jẹ́ kó wúlò fún mi.

ỌmọMọ́kọ́lá:

Xbox One ti Microsoft ńkọ́? Kò sí ohun tó rú ẹnikẹ́ni lójú lára ìyẹn.

Olùkọ́Ìṣirò:

Ó wà o. E3 2013: Xbox One $499, PS4 $399. Ohun tó fa $100 yẹn kò fara sin, Kinect ni, kámẹ́rà tí wọ́n dì mọ́ ọn tipátipá. Wọ́n ní kò sí bí èèyàn ṣe máa rà á láìrà Kinect. Onígéèmù tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ń sanwó kámẹ́rà tí ò ní lò. Ní June 2014 wọ́n tà á láìsí Kinect ní $399, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti gba ọ̀dọ̀ Sony lọ. PS4 kọjá 117 mílíọ̀nù. Láti 2015 ni Microsoft ti dákẹ́ lórí iye tí wọ́n tà, ẹ̀yin náà ẹ mọ ìdí tí ọlọ́jà fi máa ń dákẹ́.

Atúnṣe_Ojúẹlẹ́gba:

Ti Microsoft, Xbox 360 ló dùn mí jù. Owó rẹ̀ dáa, ó ṣáájú PS3 jáde pẹ̀lú ọdún kan, pádì rẹ̀ tún dáa. Ṣùgbọ́n ooru inú rẹ̀ kò ríbi gbà jáde, iná pupa mẹ́ta á tàn, ó parí. Ní July 2007 Microsoft fúnra wọn sọ pé owó tó ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ làwọn máa fi tọ́jú ọ̀ràn náà, wọ́n sì sún ìdánilójú rẹ̀ sí ọdún mẹ́ta. Ọdún mẹ́ta Amẹ́ríkà o. Èyí tó ti di tòkunbọ̀ dé Èkó, ta ló fẹ́ gbé e padà fún? Bí mo ti ń sọ fáwọn ọmọ iṣẹ́ mi nìyẹn: kí wọ́n kọ́kọ́ wo ojú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà kí wọ́n tó wo ẹwà.

Yọ̀mí_Brasil (São Paulo):

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. $399 tí ẹ ń pè yẹn, ti Amẹ́ríkà ni. Nígbà tí PS4 dé Brazil ní 2013, R$3,999 ni. Ó ju $1,800 lọ nígbà náà. Owó orí ọjà ilẹ̀ òkèèrè ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, Sony sì jáde wá ṣàlàyé bó ṣe jẹ́. Àwọn èèyàn ṣírò rẹ̀ pé kéèyàn wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ rà á ní Amẹ́ríkà kó sì padà ò fi bẹ́ẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí tí Tectoy, ilé iṣẹ́ Brazil kan, fi ń ṣe Master System àti Mega Drive, àwọn ẹ̀rọ Sega àtijọ́, nílùú Manaus níbí fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí Sega ti kúrò nídìí rẹ̀ nìyẹn: ohun tí wọ́n bá tò pọ̀ nílé, owó orí rẹ̀ ò pọ̀ tó ti òkèèrè. Tẹ́ ẹ bá rí ọmọ Brazil tó mọ Master System ju Nintendo lọ, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.

Pádì_Méjì:

Háà, Yọ̀mí! Mo ti rò pé àwa nìkan ni.

Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ṣí ilé géèmù. Ohun tó ń dà mí láàmú báyìí ni ojú CD. Nígbà tí PS5 jáde ní 2020, èyí tó ní ojú CD jẹ́ $499, èyí tí ò ní jẹ́ $399. Xbox Series S jẹ́ $299, kò ní ojú CD. Ẹni tí ò bá ronú á ní ó ti jèrè $100. Ṣùgbọ́n CD tí mo bá rà, mo lè tà á. Mo lè gbé e fún ẹlòmíràn ká pààrọ̀, kí n fi owó díẹ̀ lé e. Bí FIFA tuntun (EA FC ni wọ́n ń pè é báyìí) bá dé, ti àná ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ owó rẹ̀. Èyí tí wọ́n rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú kan ló wà títí ayé.

PlayStation Store ò tiẹ̀ ní ti Nàìjíríà. Àkáǹtì Amẹ́ríkà tàbí ti UK la ń ṣí, ká tún wá ra gift card lọ́wọ́ ẹni tó fi tirẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ká wá dáùnlóòdù géèmù 100GB pẹ̀lú dátà tí à ń fi ẹ̀jẹ̀ rà, kí wọ́n sì mú iná lọ ní àárín rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó dínwó lójú páálí, ó ti fi owó náà pamọ́ sí ibòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe PS5 Pro ní 2024 ní $699, kò ní ojú CD, ẹni tó bá fẹ́ á tún fi $79 rà á lọ́tọ̀!

ÀdùkẹÌyáÌbejì:

Àti bó ṣe tóbi! PS5 àkọ́kọ́ ga tó sẹ̀ǹtímítà 39, kò wọ inú àpótí TV wa, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń gbé. Síbẹ̀ ó ti tà ju 80 mílíọ̀nù lọ. Ẹwà kọ́ ni wọ́n ń pè ní ìṣọwọ́ṣe o, ẹ̀yin ọmọkùnrin wọ̀nyí.

ỌmọMọ́kọ́lá:

Ó dáa, mo ti gbọ́ ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n kò ha yẹ kówó PS5 ti já wálẹ̀ báyìí? Mo ti ń dúró láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Atúnṣe_Ojúẹlẹ́gba:

Dúró lọ, àbúrò. 😄

Ẹ wo bí PS2 ṣe sọ̀ kalẹ̀: $299 ní 2000, $199 ní 2002, $149 ní 2004, $99 ní 2009. Bí àwa ṣe ń rí nǹkan rà nìyẹn. Òyìnbó á kọ́kọ́ gbé e nígbà tó wọ́n, a ó jókòó dè é. Tó bá di Slim, tó fúyẹ́, tí inú rẹ̀ ò kún mọ́, ó ti dé ọwọ́ wa. Títí dìgbà tí wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró lọ́dún 2012 sí 2013, PS2 ṣì ń wọlé níbí.

PS5 gba ọ̀nà òdì. Wọ́n fowó lé e ní Yúróòpù àti Japan ní 2022. Ní August 2025 wọ́n fi $50 lé e ní Amẹ́ríkà, èyí tó jẹ́ $499 di $549. Xbox Series X tó jáde ní $499 ti di $649 kí ọdún yẹn tó parí. Ẹ̀rọ ọdún márùn-ún wọ́n ju ti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ lọ!

Olùkọ́Ìṣirò:

Ẹ wá fi náírà lé e. Kí June 2023 tó dé, dọ́là kan ò tíì tó ₦500 ní báńkì. Ní ₦460, $499 jẹ́ nǹkan bíi ₦230,000. Ọdún kejì rẹ̀ tí dọ́là dé ₦1,500, $499 kan náà ti ń lọ sí ₦750,000. Ẹ ò tíì ka owó ọkọ̀, ẹ ò tíì ka èrè oníṣọ́ọ̀bù. Kò sí bí Sony ṣe lè ya ẹ̀rọ náà tó máa gba èèyàn lọ́wọ́ ìyẹn.

Ará_Houston:

Síbẹ̀, ẹ wo Switch 2. June 2025, $449, owó tó ga jù tí Nintendo ti fi ẹ̀rọ géèmù bẹ̀rẹ̀ rí, Mario Kart rẹ̀ nìkan $79. Wọ́n ta ju mílíọ̀nù 3.5 lọ ní ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, kí September tó parí ó ti kọjá mílíọ̀nù 10. Ẹni tó ní Switch mọ ohun tó ń rà: ti àtijọ́ ló tóbi sí i tó yára sí i, géèmù tó ti ní sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n kọ 2 gàdàgbà sára rẹ̀. Ìyá tí Àǹtí Àdùkẹ́ sọ yẹn ò ní béèrè nǹkan kan.

Fún Japan, wọ́n ṣe ọ̀kan lọ́tọ̀ tí kò gbọ́ ju èdè Japan lọ, 49,980 yen, kó má bàa wọ́n jù fún wọn níbẹ̀, káwọn oníṣòwò má sì kó o gba òkè òkun lọ. Ẹ rí i pé wọ́n lè fi èdè nìkan dá ẹ̀rọ dúró sílùú kan.

Pádì_Méjì:

Kí wọ́n wá ṣe èyí tó gbọ́ Yorùbá nìkan fún wa ní ₦49,980. Mo ti tò sórí ìlà. 😂

Èmi ṣì wà lórí PS4 Slim ní tèmi. Àwọn ọmọ tó ń sanwó ìdíje lọ́wọ́ mi ò bi mí pé PS mélòó ni. Ohun tí wọ́n ń bi mí ni pé ṣé pádì kejì kì í fà sápá kan fúnra rẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_PS (Ìjẹ̀bú-Òde):

Ẹ kú ìjíròrò o, mo ti ń kà á láti àná. Ẹ̀gbọ́n Atúnṣe, ojú HDMI PS4 mi ti bàjẹ́, ó ń tàn ṣùgbọ́n TV ò mú àwòrán. Ṣé ó ṣeé pààrọ̀ àbí kí n tà á báyìí?

Atúnṣe_Ojúẹlẹ́gba:

Má tà á o. Ó ṣeé pààrọ̀. Ya fọ́tò ojú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní inbox, jẹ́ n wò ó bóyá igi inú rẹ̀ ló tẹ̀ àbí bọ́ọ̀dù ló ti jóná.